Dókítà Tó Fọwọ́ sí Ọjọ́ Tí Kò Tíì Dé

Ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé, kí àwọn oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Dókítà á yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lésà yọ irun ara. Kì í jókòó. Kì í tilẹ̀ pa iná ọkọ̀ rẹ̀ níta. Á dúró síwájú káńtà, á ní kí wọ́n gbé ìwé ìkọ́ṣẹ́ wá, á fọwọ́ sí ìlà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ọjọ́ Ajé mìíràn.

Àwọn ìlà ọ̀hún ṣófo. Kò sí orúkọ oníbàárà, kò sí irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọjọ́ àti àkókò nìkan ni Màdáàmù tó ni ṣọ́ọ̀bù ti kọ síbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí wọ́n sì tẹ̀ sókè ibi tí Dókítà ń fọwọ́ sí ni: "Mo wà níbẹ̀, mo sì fojú ara mi rí i."

"Dókítà, ta lẹ ń fọwọ́ sí fún?" Alágídí tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan. "Kò tíì sẹ́ni tó dé."

"Àwọn tó ń bọ̀ ni."

"Ẹ ti wá fojú ara yín rí wọn?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Màdáàmù ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wo Alágídí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ, lọ nu bẹ́ẹ̀dì."

Kì í ṣe ọmọdé la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí o. Ọdún mọ́kànlá ló fi di irun fún èèyàn kí oríkèé ìka rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tó fi ní kóun kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alágídí, torí pé láti kékeré, bó bá ti ní òun ò jẹun, ẹ lè gbé abọ́ síwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní fọwọ́ kàn án.

Òfin iṣẹ́ náà ò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa lo ẹ̀rọ lésà gbọ́dọ̀ lọ sí kíláàsì, kó sì ṣe iṣẹ́ náà fún ogójì oníbàárà, kí alábòójútó tó níwèé àṣẹ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè ṣe ìdánwò. Alágídí ti ṣe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́fà péré.

Àmọ́ ká má parọ́: nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn, méjìlá àkọ́kọ́ nìkan ni Dókítà, tó jẹ́ alábòójútó rẹ̀, dúró tì í. Méjìlélógún tó kù, bírò Dókítà nìkan ló wà níbẹ̀. Alágídí mọ̀, ó sì dákẹ́. Ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ, ó ṣáà ń sọ fún ara rẹ̀ pé awọ ẹnikẹ́ni ò tíì bó.

Ohun kan tún wà. Òfin ní ẹni tó níwèé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ yí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń mú agbára iná lésà lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Kí ni Màdáàmù ṣe? Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ bọ́tìnnì náà pa! Ó fi bírò pupa kọ "MÁ YÍ I" sí i lórí. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n wá ń lò fún ẹni pupa àti ẹni dúdú, onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti onírun yíyi. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, Màdáàmù á ní, "A kì í rú òfin níbí. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà.

Ní Ọjọ́rú kan, Alágídí ń to aṣọ ìnura nínú yàrá ẹ̀rọ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ohùn náà jọ èyí tó mọ̀ dáadáa. Ó ṣí kọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rí, ọmọ ìyá rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, torí iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí gbogbo èèyàn ń wá ṣe níbí. Àbí o rò pé bàtà ni mo wá rà?"

Tíṣà wé ìborùn mọ́ ọrùn títí dé àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń mú. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rọra tú u. Irun dúdú yíyi ló wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fá a. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà nílé ọkọ, lójoojúmọ́ ló sì ń jí ṣáájú ọkọ rẹ̀ láti lọ ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ pẹ̀lú abẹ. Níwájú kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lágbọ̀n. Ọmọ kan tiẹ̀ bi í rí pé, "Mà, ṣé ẹ̀yin àti dádì mi jọ ń lo rézọ̀ kan náà ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá lọ sunkún níbi tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì sí.

"Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fi mí hàn fáwọn òbí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun," ó ní. "Màdáàmù ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, àgbọ̀n mi á ti máa dán."

Alágídí yíjú sí Màdáàmù, tó ti wọlé tẹ̀ lé oníbàárà rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré kẹ̀, mà?"

"Fún àwọn kan, ẹ̀ẹ̀kan ti tó," Màdáàmù dáhùn. "Kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú fọ́ọ̀mù, má fàkókò ṣòfò."

Alágídí mú fọ́ọ̀mù, ó ń bèèrè ìbéèrè níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi oògùn, Tíṣà ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ páálí kékeré kan jáde. Oògùn irorẹ́ ni, ó ti ń lò ó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alágídí ka ara páálí náà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn náà gbọ́dọ̀ yẹra fún oòrùn tó le, torí awọ rẹ̀ lè tètè jó.

Ó fi páálí náà han Màdáàmù. "Mà, ẹ wò ó. Ẹni tí wọ́n ní kó yẹra fún oòrùn, òun la fẹ́ yin lésà sí lójú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Dókítà."

"Dókítà ti fọwọ́ sí i."

"Ọjọ́ Ajé ló fọwọ́ sí i. Kò rí ẹ̀gbọ́n mi, kò rí oògùn yìí, kò mọ̀ bóyá èèyàn ló ń bọ̀ tàbí ewúrẹ́."

"Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Gbé gíláàsì ojú wọ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Mi ò ṣe é."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ṣe é, mà. Mi ò níwèé àṣẹ. Ẹni tó yẹ kó dúró tì mí ò sí níbí. A ò sì tíì dán an wò sí ibi kékeré kan lára wọn ká mọ bó ṣe máa rí. Mi ò ṣe é."

Màdáàmù fọwọ́ lérán. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàánú. "Ó ku mẹ́fà, Alágídí. Mẹ́fà péré. Bó o bá kọ èyí, mi ò ní fọwọ́ sí i pé o kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Gbogbo mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn ti wọgbó nìyẹn. Ṣé irun lo tún fẹ́ padà lọ máa dì pẹ̀lú ìka tó ń ro ẹ́ yẹn?"

Kí Alágídí tó dáhùn, Tíṣà ti sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ ọmọ yìí! O ti ṣe ti àjèjì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó wá kan èmi ẹ̀gbọ́n ẹ, o gbé òfin jáde. Ṣé o fẹ́ kí n lọ dúró níwájú àwọn òbí báyìí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Alágídí wọra, torí òótọ́ wà níbẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà méjìlélógún ni mo ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Mi ò ní fi tiyín kún un."

"Bìlà fún mi," Màdáàmù ní. Ó gba ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ìwé àṣẹ kan wà nínú férémù lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ orúkọ Dókítà ló wà lórí rẹ̀. Màdáàmù fúnra rẹ̀ ò ní ìwé kankan ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó gbé gíláàsì ojú wọ̀. Èkejì tó yẹ kí oníbàárà lò ti kán, ló bá ká aṣọ ìnura lé Tíṣà lójú. "Ẹ ṣáà dijú pinpin, àǹtí. Kì í ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀rọ náà dún ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kọ yẹ̀rì.

"Ó ta mí o," Tíṣà ní.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó tún dún ṣẹ́. Tíṣà di etí bẹ́ẹ̀dì mú. "Ó gbóná! Mo ní ó gbóná!"

"Ẹwà ò rọrùn, àǹtí. Ẹ mú ọkàn le."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òórùn yẹn jáde. Òórùn irun tó jó ni Alágídí mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí yàtọ̀. Tíṣà figbe ta. Alágídí ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ògiri, ó fa wáyà ẹ̀rọ náà tu.

Ẹ̀rọ náà kú.

"Ta ló ní kó o pa ẹ̀rọ mi?" Màdáàmù béèrè.

"Èmi ni."

"Bó bá bà jẹ́ ńkọ́?"

"Kó bà jẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń sun bí iṣu, ẹ ń bèèrè ẹ̀rọ!"

Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó mú un lọ sídìí omi ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sí i lágbọ̀n fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kò fi yìnyín sí i, kò fi ọ̀rá kankan pa á. Lẹ́yìn wọn, Màdáàmù ń ké pe Dókítà lórí fóònù, ohùn Dókítà sì ń jáde gbangba.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Dókítà ń sọ. "Ìwé ti sọ pé mo wà níbẹ̀. Kò sí wàhálà."

Alágídí gbé ojú sókè. "Dókítà, níbo lẹ wà báyìí?"

"Ta nìyẹn? Mo wà nípàdé."

"Ṣé ẹ wà nípàdé, àbí ẹ wà níbí? Ẹ mú ọ̀kan."

Fóònù já. Alágídí nu ọwọ́, ó lọ sídìí káńtà, ó mú ìwé tí Dókítà máa ń fọwọ́ sí. Ìwé ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ ni, àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ló fún un lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀.

"Gbé ìwé yẹn sílẹ̀!" Màdáàmù ké.

"Orúkọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mà. Ẹ máa pe ọlọ́pàá, mo ń dúró dè wọ́n nílé ìwòsàn."

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó yẹ àgbọ̀n Tíṣà wò ní ibi mẹ́ta ló léròrò, kò sì wọnú jìnnà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ojú ibẹ̀ dúdú fún ìgbà díẹ̀, kó máa bò ó kí oòrùn má pa á, kó má sì họ ọ́. Ó ní bí wọ́n bá bá a dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni à bá máa sọ. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Tíṣà bóyá ó ti fi ọ̀rọ̀ irun náà lọ dókítà rí.

"Ṣé irun náà ni èèyàn ń fi lọ dókítà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nígbà míì, nǹkan kan ló ń tì í látinú ara. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń fá irun yìí," Tíṣà ní, "ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé mo lè béèrè." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Bínú sí mi, bó o bá fẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bínú sí àwọn tó yẹ," Alágídí dáhùn.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì ti wà ní ọ́fíìsì àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ. Bàbá kan tó gbé gíláàsì lé iwájú orí ló gbà wọ́n lálejò. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó mi orí.

"Wọ́n máa ní Dókítà wà níbẹ̀. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ rèé."

"Ẹ ṣí i síwájú, sà," Alágídí ní.

Bàbá náà sọ gíláàsì kalẹ̀ sójú. Ó kà á jáde. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo sì fojú ara mi rí i." Ó wo aago ògiri. Ó tún kà á. "Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá." Ó gbójú sókè. "Ọ̀la kẹ̀? Ó ti wà níbẹ̀ lọ́la?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú báńdéèjì lágbọ̀n, ó ń ké "yéè" torí pé ẹ̀rín ń dùn ún.

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ẹ wò ó," ó ní, "lésà kì í ṣe kóòmù. Iná ni. Ó lè jó awọ, ó lè fọ́ ojú, ó lè sọ ara di alábàwọ́n. Awọ dúdú ń fa iná náà mọ́ra ju awọ pupa lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀ láti yí i sí bó ṣe yẹ fún oníkálùkù. Ìwé àṣẹ ara ògiri, èèyàn kan la fún. Kì í ṣe ògiri la fún. Alábòójútó tí kò sí nínú ilé, kò bójú tó nǹkan kan."

Ó wá gbé ìwé náà kalẹ̀, ó wo Alágídí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ẹ́. Bí mo bá gba ẹjọ́ yìí wọlé, mi ò lè yọ tìẹ kúrò. Ìwọ náà lo ẹ̀rọ láìsí alábòójútó. A máa bi ẹ́ léèrè. Gbogbo èyí tí Dókítà kò sí níbẹ̀ máa pa rẹ́. O lè lọ rò ó nílé."

Alágídí wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó rò ó wò: ìdánwò tó ti sún mọ́lé, aṣọ iṣẹ́ funfun tó ti rán sílẹ̀ dè é. Omi lé sí i lójú, inú sì ń bí i pé omi ọ̀hún lé.

"Ẹ yá mi ní bírò, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹtàlá. Ó fa ìlà pupa gba orí orúkọ oníbàárà kọjá, ó kọ "Kò sí níbẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lùwé Dókítà. Ó ṣe ti ìkẹrìnlá. Kò sáré, kò sì fo ọ̀kankan. Ìgbà méjìlélógún ló kọ ọ́, ìka rẹ̀ ń ro ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a ṣí ìwé títí tó fi parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n lọ ti yàrá ẹ̀rọ Màdáàmù pa. Wọ́n ránṣẹ́ pe Dókítà kó wá ṣàlàyé bó ṣe ń wà níbi méjì, wọn ò sì tíì parí ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n bá Alágídí náà wí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó wá ibòmíràn parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn awọ ara kan ló wà báyìí. Alábòójútó rẹ̀ níbẹ̀ máa ń dúró tì í débi pé ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Oníbàárà kẹtàlá ló ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ti Tíṣà ńkọ́? Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gorí pèpéle níwájú àwọn òbí láìwé ìborùn. Báńdéèjì wà lágbọ̀n rẹ̀, irun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńdéèjì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ ń wo àgbọ̀n mi. Irun ni. Ibi tó wà lábẹ́ báńdéèjì, ẹni tí kò níwèé àṣẹ ló jó o. Bí ẹ bá ti wò ó tó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ." Ìyá kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, òun náà sì tú ìborùn tó wé mọ́ ọrùn.

Ó wá kàn ẹ́, ìwọ tó ń ka ìtàn yìí. Bó o bá fẹ́ yọ irun ara pẹ̀lú lésà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dójú tì ẹ́. Ṣùgbọ́n kó o tó dùbúlẹ̀, ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn ẹ́, kó o sì wò ó bóyá orúkọ ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, béèrè pé: alábòójútó rẹ dà? Má gba "ó ń bọ̀," má gba "ó ti fọwọ́ sí i." Kó wọlé kó o rí i. Àṣẹ ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ àjọ ìlera tó wà nítòsí rẹ ohun tí òfin wọn sọ. Sọ gbogbo oògùn tó ò ń lò, ì báà jẹ́ ti irorẹ́. Jẹ́ kí wọ́n dán an wò sí ojú kékeré kan lára rẹ, kí wọ́n sì dúró wo bó ṣe máa rí. Gíláàsì ojú gidi ni kí wọ́n fún ẹ, kì í ṣe aṣọ ìnura. Ẹni tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa tán, irọ́ ló ń pa, torí iṣẹ́ náà máa ń gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó bá sì jẹ́ obìnrin tí irun ń hù lágbọ̀n ni ẹ́, kọ́kọ́ lọ rí dókítà.

Ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ nígbà tí alábòójútó rẹ ò bá sí nínú yàrá, ẹnikẹ́ni tí ì báà pàṣẹ. Bó o bá sì ti ṣe é rí, lọ sọ ọ́ fúnra rẹ kí awọ ẹlòmíì tó jó.

Bí wọ́n bá sì fa ojú ro nígbà tó o béèrè, bí wọ́n ní o ti ń yọ àwọn lẹ́nu jù, dìde lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ bàtà rẹ. Gba ọ́fíìsì àjọ lọ tààrà, kó o fẹjọ́ wọn sùn.